Gíláàsì Ara Ògiri Ilé-Ìwé Wa

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ mi ní Sharjah, mo gbójú sókè, mo rí ilé gogoro onígun mẹ́rin kan lórí òrùlé, mo sì sọ fún ara mi pé, "Àwọn náà ní ihò èéfín." Inú mi dùn. Gbogbo ohun tí mo ti rí láti ìgbà tí mo ti wọ ìlú yìí, irin àti gíláàsì ni, ilé tó ga débi pé ọrùn á máa dun ẹni tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ní kí n máa ṣọ́ yìí kò ga. Ó ti dàgbà. Ilé-ìwé ni nígbà kan rí, kí ìjọba tó tún un ṣe fún àwọn tó ń wá wo nǹkan àtijọ́, ó sì ní ohun kan lórí bíi ti ilé-ìwé abúlé wa.

Kì í ṣe ihò èéfín. Bàbá ará Pakistan kan tó ń tún ògiri ibẹ̀ ṣe ló là mí lóye. Chacha ni gbogbo wa ń pè é, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá ẹni. Ó fi ọwọ́ ṣàpẹẹrẹ bí atẹ́gùn ṣe ń bọ́ láti òkè wá sínú ilé. "Kò sí AC nígbà náà, habibi. Atẹ́gùn á gba ibẹ̀ wọlé, ara á tu àwọn ọmọ."

Mo ronú sí i. Àwọn ará ibí kọ́ ihò sórí ilé kí atẹ́gùn lè wọlé. Àwọn òyìnbó kọ́ tiwọn kí èéfín lè jáde. Èyí tó wà lórí ilé-ìwé tiwa ńkọ́? Èéfín kò gba ibẹ̀ jáde rí, atẹ́gùn kò gba ibẹ̀ wọlé. Àdán ló ń gbé inú rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ilé-ìwé náà kínníkínní, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìgbà ayé Ọbabìnrin Fikitóríà ni wọ́n kọ́ ọ. Òyìnbó oníwàásù kan ló mú àwòrán rẹ̀ wá láti ìlú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé-ìwé abúlé lọ́dọ̀ wọn láyé ìgbà náà. Àwọn káfíńtà Sàró ló ṣe igi rẹ̀, àwọn baba wa ló po amọ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ́ gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Òrùlé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, nítorí pé yìnyín máa ń bọ́ ní ìlú ẹni tó ya àwòrán, ó sì gbọ́dọ̀ yọ̀ kúrò lórí ilé. Ilé agogo kékeré kan jókòó sí góńgó rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ti ọmọkùnrin lápá gúúsù, ti ọmọbìnrin lápá àríwá, wọ́n sì fín ti kálukú sí òkè rẹ̀ lédè òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ bí o bá gba èyíkéyìí wọlé, inú yàrá gígùn kan ṣoṣo náà lo máa bọ́ sí.

Fèrèsé rẹ̀ gùn, orí wọn ṣe ṣóńṣó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìsàlẹ̀ wọn ga ju orí ọmọ tó jókòó lọ, kí ọmọ má baà máa wo ìta. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ojú ọ̀run àti téńté igi ìrókò kan ni gbogbo ohun tí mo lè rí. Ní ògiri ìlà-oòrùn, èyí tó ga lọ bá góńgó òrùlé tó sì gbé ilé agogo dúró, wọ́n kọ́ ààrò sínú ògiri, ihò èéfín sì gba àárín amọ̀ lọ sókè. Ààrò ìyáná! Ní abúlé tí ọmọ gbọ́dọ̀ nu òógùn ojú rẹ̀ kó tó lè kọ A, B, D. Ẹnikẹ́ni kò dáná níbẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni tíṣà máa ń kó ṣọ́ọ̀kì àti ẹgba sí.

Ìdí ààrò yẹn ni Mojí ọmọ mi ń jókòó sí. Ìyá rẹ̀ kú kí ó tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí iṣẹ́ ibí yọjú, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fi í sí, nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, ní ilé-ìwé tí èmi àti ìyá mi ti kàwé. Mo rò pé kò sí ibi tó ní ààbò tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ènìyàn tó ń bẹ̀rù ni mí, n kò fi í pamọ́. Kí n tó kúrò nílé, mo ti gé gbogbo ẹ̀ka igi tó yọrí sórí òrùlé Màámi, mo ti dé kànga, mo sì ti kọ́ Mojí bí wọ́n ṣe ń wo apá méjèèjì kí wọ́n tó kọjá títì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kadà tó wà ní abúlé wa kò pọ̀ ju èyí tí ènìyàn lè mọ̀ lórúkọ lọ.

Al Baraha ni mò ń gbé, lápá Deira ní Dubai, nínú bedspace kan tí bẹ́ẹ̀dì alájà kún inú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sharjah. Ooru ló kọ́kọ́ bá mi jà. Mo rò pé mo mọ ooru tẹ́lẹ̀. Ooru ilé wa máa ń sinmi nírọ̀lẹ́; ti ibí kì í sinmi, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó, tó gbàgbé láti dé e padà. Lẹ́yìn ooru, ó kan ìdákẹ́rọ́rọ́. Mo lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé àtijọ́ yẹn láti àárọ̀ títí ọ̀sán kí ẹnikẹ́ni má kí mi. Àwọn àlejò á kọjá, wọ́n á wo ògiri, wọ́n á wo òrùlé, wọn ò ní wo èmi. Mo wá ń kí ara mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o." "Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Ẹ̀gbọ́n Múríì gbọ́ mi lọ́jọ́ kan nínú yàrá. Òun ló ni bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ mi. Bàtà ọmọdé ló ń rà ní Deira tó ń fi ránṣẹ́ sí Èkó. "Àbúrò, o ti kí ara ẹ tán?" ó béèrè. "Ó dáa. Tó bá yá, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara ẹ jà. Mi ò ní là yín o."

Ọdún kejì mi níbí ni, òjò ti ń lọ sílẹ̀ nílé, nígbà tí Màámi fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Mojí wọ aṣọ ilé-ìwé tuntun, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. Eyín ló yẹ kí n wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wò. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ láti igun ààrò, ó ń gòkè bọ̀, ó yà sí ọ̀tún, ó sì gba etí fọ́tò jáde. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Kì í ṣe òjìji. Ó jìn.

Mo pe Màámi.

"Màámi, ògiri ti lanu níbi ààrò."

"Ògiri wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn Mojí."

"O ò rí eyín ọmọ tó yọ, ògiri lo rí. Kò tiẹ̀ sunkún. Òun fúnra ẹ̀ ló jù ú sórí òrùlé."

"Mo rí eyín, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ògiri yẹn lanu?"

"Láti kékeré mi ni ògiri yẹn ti ń lanu tó sì ń pa á dé. Bàbá mi wà lára àwọn tó kan páànù sórí ẹ̀. Jẹun, kí o sùn."

Ẹ̀gbọ́n Múríì, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Ògiri lanu ní abúlé, aláǹgbá tó wà níbẹ̀ ò tíì wọ̀ ọ́, ìwọ ti ti Dubai wọ̀ ọ́."

N kò jẹun. Ní ọjọ́ kejì mo fi fọ́tò náà han Chacha. Ó wọ awò rẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Amọ̀ ni?"

"Amọ̀ ni."

"Kí ló wà lára ẹ̀?"

"Sìmẹ́ńtì." Àwọn ọmọ abúlé wa tó wà ní ìlú ńlá ló ṣe é. Wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì mọ́ amọ̀ náà tinú tẹ̀yìn kí ilé-ìwé lè dán, gbogbo wa sì gbé orin ọpẹ́ nítorí rẹ̀.

Chacha mi orí. "Amọ̀ máa ń mí. Bí omi bá wọ̀ ọ́, á gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ti wọ aṣọ rọ́bà fún un. Ibo ni omi ti lè wọlé?"

Ẹnu mi dáhùn kí n tó ronú. "Ihò èéfín."

Ó mú mi lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé àtijọ́ náà. Òkúta inú òkun ni wọ́n fi kọ́ ògiri ibẹ̀, ìlà tín-ín-rín kan sì wà lára rẹ̀. Chacha ti fi gíláàsì pẹlẹbẹ kan dábùú ìlà náà, ó fi ẹfun pípò lẹ orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ògiri. "Gíláàsì kì í tẹ̀, kì í nà," ó ní. "Bí ògiri bá sún bí irun orí, gíláàsì á fọ́. Bí kò bá fọ́, ìlà àtijọ́ ni, fọkàn balẹ̀. Bó bá fọ́, yalla, kó àwọn ọmọ jáde."

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gé gíláàsì láti ara fèrèsé kan tó ti fọ́, èyí tó nípọn tí etí rẹ̀ dà bí omi ewé, ó fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ààrò. A ṣe àdéhùn pé Màámi á máa lọ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ilé-ìwé bá ti tú.

Mo sì sọ fún Màámi pé, "Bí gíláàsì yẹn bá fọ́, ọkọ̀ òfuurufú tó bá kọ́kọ́ gbéra ni màá wọ̀. Kí wọ́n gba visa wọn." Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Gíláàsì kò fọ́. Ọjọ́ Ẹtì kan tẹ̀lé òmíràn, fọ́tò ń dé, ìlà náà wà níbẹ̀, gíláàsì wà lórí rẹ̀ ní odidi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Mo ń lọ sí ìsìn ní Oud Metha, níbi tí ìjọ kan ti ń jáde kí òmíràn tó wọlé, mo sì ń dúpẹ́ nítorí ògiri, ohun tí n kò rò pé ènìyàn lè dúpẹ́ lé lórí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan wá síbi iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kan, ẹni tó yẹ kó mú wọn káàkiri sì pẹ́. Mo fi ilé atẹ́gùn hàn wọ́n. Mo ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró sábẹ́ rẹ̀ kó gbé ojú sókè. Wọ́n pariwo nígbà tí atẹ́gùn bọ́ lé wọn lójú. Wọ́n pè mí ní uncle. Bí mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì padà lọ sí Al Baraha, mo rí i pé n kò tíì kí ara mi ní gbogbo ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì mìíràn dé, mo ń bá Mojí sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Adìyẹ Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ, Mojí sì ń gbé fóònù sáré gba pálọ̀ kọjá kí n lè rí wọn. Àwọn fọ́tò ẹbí wà lára ògiri pálọ̀ náà. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Ní irú àkókò yẹn, oòrùn máa ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, gíláàsì wọn á máa kọ mànà, ènìyàn kò ní rí ojú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ náà mo rí ojú gbogbo wọn kedere. Mo rí táì bàbá mi. Mo rí ìyàwó mi nínú aṣọ funfun.

"Mojí, dúró. Padà sẹ́yìn."

"Ìta ni adìyẹ wà, Bàbá."

"Gíláàsì fọ́tò ìgbéyàwó yìí dà?"

"Ó fọ́."

"Ti bàbá àgbà ńkọ́?"

"Ó fọ́ náà."

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?"

Ọmọ náà wẹ̀yìn. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá ní kí n má sọ."

Mo ní kí ó dúró, mo ṣí àwọn fọ́tò ògiri tí Màámi ti ń fi ránṣẹ́, mo tò wọ́n. Gíláàsì àkọ́kọ́ nípọn, etí rẹ̀ dà bí omi ewé. Àwọn tó tẹ̀lé e tín-ín-rín, wọn kò ní àwọ̀ kankan. Gíláàsì fọ́tò ni wọ́n. Ojú ìyàwó mi ni wọ́n ti yọ ọ̀kan nínú wọn.

Màámi gba fóònù.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti fọ́, mà?"

"Àwọn ọmọdé ló ń fọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù ni."

"Bọ́ọ̀lù nínú ilé-ìwé, mà? Lókè ààrò?"

Mo ń gbọ́ àwọn ọmọ adìyẹ. Ó ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo ní o máa wọ ọkọ̀ òfuurufú? O ní kí wọ́n gba visa wọn. Ìyá wo ló fẹ́ kí ọmọ òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí gíláàsì? O mọ bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó bá padà wálé lọ́sàn-án gangan ní abúlé yìí."

"Mojí ń jókòó lábẹ́ ẹ̀."

"Mo ti ní kó lọ máa jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn obìnrin. Ó ti pẹ́."

"Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́, mà?"

"Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn," ó ní. Ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn ẹni tó gba ara rẹ̀ gbọ́.

N kò lè bínú sí i bó ṣe yẹ. Àṣà wa ni. Ẹni tó bá ti kọjá sókè òkun, wọn kì í sọ ìròyìn burúkú fún un mọ́. Wọ́n á ní kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú, kí ó má baà ṣi ẹsẹ̀ gbé ní ìlú onílùú. Bó bá pè, dáadáa ni gbogbo ènìyàn wà. Ewúrẹ́ wà dáadáa, orúnkún wà dáadáa. Àwa náà tó wà níbí ń ṣe bẹ́ẹ̀ padà fún wọn. Màámi rò pé èmi nìkan ni mo ni yàrá mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ìfẹ́ bo ara wa títí a ò fi ní rí ara wa mọ́. Ẹ̀gbọ́n Múríì tó dúró tì mí ní, "Nílé, tí wọ́n bá ti ń ní 'kò séwu, kò séwu,' ìgbà yẹn gan-an ni kó o bẹ̀rù. Tí wọ́n bá ń ráhùn, ara wọn le."

Mo pe ọ̀gá àgbà. Ó gbọ́ mi dé òpin.

"Bàbá Mojí, ìdánwò àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mi ò lè kó wọn jáde láìgba àṣẹ. Mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọ́fíìsì, kí n sọ ẹni tó ní ògiri fẹ́ wó."

"Gíláàsì ló sọ ọ́, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ dákun, mi ò lè kọ gíláàsì sínú ìwé ìjọba."

Kò burú sí mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣọ́, bí èmi náà ṣe ń ṣọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá tilẹ̀ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, kí n tó gba ìwé ìrìnnà mi, kí n tó rí tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ á ti wọlé fún ìdánwò. Mo pe Màámi padà. Mo sọ ohun tí ọ̀gá àgbà wí. Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin nìkan ni mo ní níbẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Mi ò bọ̀. Ẹ bá mi ṣe é."

"Gbé fóònù sílẹ̀," Màámi wí, ó sì ti pa á kí n tó dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi bí ẹni jókòó lórí ẹyin. Kò sí àlejò. Chacha ń po ẹfun nítòsí. Fóònù dún, Mojí ni, pẹ̀lú fóònù Màámi, ó ti ń rẹ́rìn-ín débi pé àwòrán ń gbọ̀n.

"Bàbá, ẹ wò ó!"

Mo rí ilẹ̀kùn àwọn ọmọbìnrin. Màámi tẹ́ ẹní sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jáde gbọọrọ láti férémù kan dé èkejì. Ó we gèlè. Ọmọ tó gbọ́n kì í ré ẹsẹ̀ àgbà kọjá; ní ọ̀dọ̀ wa, àgbàlagbà pàápàá kì í ṣe é. Gbogbo àwọn ọmọ dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Mojí gbé fóònù yí ilé náà ká, mo rí ilẹ̀kùn àwọn ọmọkùnrin. Ìyá Lánre, aládùúgbò wa, ló na ẹsẹ̀ tirẹ̀ síbẹ̀, ẹni tí òun àti Màámi kì í kí ara wọn láti ìgbà tí ewúrẹ́ ẹnì kan ti jẹ ẹ̀gẹ́ ẹnì kejì.

Ọ̀gá àgbà dọ̀bálẹ̀ sí Màámi. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún mi, mà."

"Mò ń gba atẹ́gùn."

"Mà, ìdánwò ni."

"Ìdánwò náà ni mo wá ṣe. Wọ́n mú mi kúrò níbí kí n tó parí kíláàsì kẹrin. Mo wá parí ẹ̀."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Lánre kígbe láti ẹ̀gbẹ́ kejì, "Ọ̀gá, ẹ ré wa kọjá tó bá yá yín lára! Àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ pe ìyá yín kí ẹ sọ fún wọn!"

"Ta ló fẹ́ ré yín kọjá, mà?" Ọ̀gá àgbà dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò ní àyà. Ó wá rí fóònù. "Bàbá Mojí, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Ẹ bá mi bẹ Màmá."

"Mo ti ń bẹ̀ wọ́n láti kékeré, sà. Wọn kì í gbọ́."

Ó dúró. Ó wo òrùlé, ó wo àwọn ọmọ, ó wo ẹsẹ̀ Màámi. Mo rí i pé ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ lórí. "Ó dáa," ó ní. "Èyí, mo lè kọ ọ́. 'Àwọn àgbà obìnrin abúlé ti dí ilẹ̀kùn méjèèjì.' Ọ́fíìsì máa dáhùn èyí." Ó yíjú sí àwọn ọmọ. "Kíláàsì kẹfà, ẹ kó bẹ́ńṣì wá sábẹ́ igi!"

Ṣùgbọ́n inú ilé-ìwé ni bẹ́ńṣì wà, ẹnikẹ́ni kò sì lè ré ẹsẹ̀ Màámi kọjá lọ kó wọn. Wọ́n lọ yá ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Chacha béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín tó sì ń pa mí lẹ́kún papọ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ó fi trowel rẹ̀ sílẹ̀. "Khalas," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gbé ìyá kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

Àwọn ìyá méjèèjì ń pààrọ̀ oúnjẹ, wọ́n ń padà wá láràárọ̀, títí ọ́fíìsì fi rán ẹni tó mọ̀ nípa ilé wá. Ọ̀gá àgbà ya fídíò rẹ̀ fún mi. Ọkùnrin náà fi òòlù kékeré kan lu sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń fetí sí i bí ẹni tó ń ra àgbọn. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, abala ńlá kan sì já bọ́ sílẹ̀ ní odidi. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe ògiri mọ́. Amọ̀ dúdú ni, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, omi ń sun láti inú rẹ̀. Ọkùnrin náà ká apá ẹ̀wù rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ ń wọlé lọ, títí ó fi dé ìgúnpá. Òrùlé wà lórí ibẹ̀. Agogo wà lórí ibẹ̀. Kò pariwo. Ó rọra yọ ọwọ́, ó fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ náà ṣe àmì pé kí gbogbo ènìyàn máa fẹ̀yìn rìn jáde.

Nísàlẹ̀ fídíò náà, bẹ́ńṣì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì kó. Mo wo bẹ́ńṣì náà títí ojú fóònù fi kú fúnra rẹ̀.

Wọ́n ti sọ agogo kalẹ̀. Wọ́n ti fi igi ti ògiri náà ní ìta. Wọ́n á wó apá ìlà-oòrùn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tún un mọ pẹ̀lú amọ̀ láìfi sìmẹ́ńtì sí i. Ní ìpàdé abúlé, mo gbọ́ pé ìjà ń lọ lórí ihò èéfín. Àwọn kan ní kí wọ́n má kọ́ ọ mọ́. Àwọn àgbà ní kò ṣeé gbọ́. Ó wà nínú àwòrán.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, fóònù mi dún. Màámi ni. Ìyẹn yà mí lẹ́nu, nítorí èmi ni mo máa ń pè.

"Ṣé o jókòó?"

"Mo jókòó, mà. Mojí ńkọ́?"

"Mojí ń jẹun. Kì í ṣe Mojí. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ, Bàbá Olóko, ti kú. Ó ti lé lọ́dún kan. A ò sọ fún ẹ."

Bàbá Olóko ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà ilé-ìwé yẹn ló ti kọ́ mi, ó ń sáré lẹ́yìn mi, ó ń di ìjókòó mú.

"Ojú ọ̀tún mi náà kò ríran bíi tàtijọ́," Màámi wí. "Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kejì. Kò sí ẹ̀kẹta."

Ẹ̀gbọ́n Múríì rí ojú mi, ó rọra pa tẹlifíṣọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ṣé ó jìyà? Ta ló wẹ̀ ẹ́? Ibo ni wọ́n sin ín sí, orin wo ni wọ́n kọ, ta ló gba kẹ̀kẹ́? Màámi dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ọ̀kankan. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Al Baraha, mo ń sunkún ẹni tí gbogbo abúlé ti sunkún rẹ̀ tán, ara mi sì ń balẹ̀ bí ara ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún.